Ìgò Mẹ́jọ Tó Bú Gbàmù Nílé Ládàánì

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ọ̀rọ̀ ìtìjú ni ó kọ́kọ́ jẹ́ fún mi kí ó tó di ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Èmi ni Ládàánì mọ́sálásí àdúgbò wa ní Ọ̀fà. Iṣẹ́ mi ni láti máa pe ìrun, kí ẹni tó ń sùn lè jí. Ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ kan ní oṣù kejì ọdún 2024, èmi kọ́ ni mo jí àdúgbò. Ìgò ni.

Aago méjì òru ti kọjá díẹ̀ nígbà tí a gbọ́ gbàmù! Ẹ má gbàgbé pé Ọ̀fà ni a wà. Ẹni tó bá wà ní ìlú wa ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2018, nígbà tí àwọn adigunjalè kọlu àgọ́ ọlọ́pàá àti àwọn báńkì, tí wọ́n sì pa ènìyàn lọ bẹẹrẹ, kò ní gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ lóru kí ó tún máa béèrè pé kí ni. Mo fi àyà lélẹ̀, mo fa ìyàwó mi wálẹ̀ láti orí ibùsùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo àdúà tó wá sí mi lẹ́nu. Ó tún dún gbàmù lẹ́ẹ̀kejì, ó dún lẹ́ẹ̀kẹta. Mo ń gbọ́ bí àwọn ará ilé kejì ti ń ti ilẹ̀kùn wọn gbọn-in gbọn-in.

Ìyàwó mi ni ó kọ́kọ́ mọ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó fọwọ́ lérí, ó sì kígbe pé, "Ààfáà, ẹ dìde o! Ọtí mi ni!"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ìyàwó Ládàánì fi kígbe lóru! Ògiri ilé wa kò nípọn, fèrèsé wa sì ṣí sílẹ̀ nítorí ooru.

Nígbà tí a tan iná tọ́ọ̀ṣì wọ yàrá kejì, ilẹ̀ tutù rìnrìn, ó ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀. Òórùn tó gba imú wa, bí ẹ bá ti kọjá níbi tí wọ́n ti ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ rí, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Nínú ìgò méjìlá tí ìyàwó mi tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mẹ́jọ ti fọ́ yángá. Àfọ́kù wọn há sí àjà ilé, ó há sára mátírẹ́ẹ̀sì. Mátírẹ́ẹ̀sì yẹn ni àwọn ọmọ wa mẹ́ta máa ń sùn lé. Ooru ni ó lé wọn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo dúró, mo ń wo àfọ́kù kan tó gún ìrọ̀rí àbíkẹ́yìn wa, ẹsẹ̀ mi sì ń gbọ̀n.

Ó yẹ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àkọ́bí wa obìnrin fẹ́ parí Àlùkùránì, a sì ti dá ọjọ́ wólímọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìtúnu ààwẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí wólímọ̀ ti ń rí ní ilẹ̀ wa. Ẹni tí ẹ kò pè yóò wá, ẹni tí ẹ pè yóò mú ẹni mẹ́ta dání. A lè bu oúnjẹ kéré sí i kí ó lè kárí, ṣùgbọ́n bí mínírà kò bá kárí, títí di ọdún tó ń bọ̀ ni wọn yóò máa fi ṣe ìtàn. Láti 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ni gbogbo nǹkan ti gbówó lórí, mínírà kò sì gbẹ́yìn. Nígbà tí mo ṣírò iye krétì tí a ó rà, mo ká ìwé náà, mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí.

Mo ní àbúrò obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Maryland, ní Amẹ́ríkà. Òun ni ó sọ fún ìyàwó mi lórí fóònù pé àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn a máa ṣe ohun mímu tó ń hó nílé, láti inú atalẹ̀, ṣúgà, ọsàn wẹ́wẹ́ àti íìsì tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò. Ó ní jínjà bíà ni orúkọ rẹ̀. Bí mo ti gbọ́ bíà, mo ní a kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ mọ́ nínú ilé yìí. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún, ó ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ̀yin náà kọ́ ni ẹ ń pe Coca-Cola ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò? Ṣé ẹnikẹ́ni ti mu ún yó rí ní Ọ̀fà?" Mo wá ọ̀rọ̀ fún un, n kò rí. Òtítọ́ ni. Láti kékeré wa ni a ti ń pe mínírà ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tí Lèmọ́mù ń mu ún, tí ẹnikẹ́ni kò sì wí nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí àbúrò mi sọ, kí ẹ lè rí ibi tí a ti ṣì í ṣe. Ó ní fún omi lítà mẹ́rin, kí a fi íìsì ìdá mẹ́rin ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì sí i. Kí a lo ike, kí a má ṣe lo ìgò, nítorí ike yóò le gbandi nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kún un, ẹ ó sì mọ̀ pé ó tó. Kí a má rọ ọ́ kún dé ẹnu. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, tàbí méjì ó pẹ́ jù, kí a gbé e sínú fìríìjì, kí a sì mu ún kíá.

Ìyàwó mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin obìnrin mọ ara yín. Ó ní ike kò níyì lójú àlejò, ó lọ kó ìgò oyin àti ìgò òróró jọ ní ọjà Òwódé. Ó ní ìdá mẹ́rin ṣíbí tíì kò lè ṣiṣẹ́ nínú omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó bu ṣíbí ìjẹun kan gbáko. Ó rọ ọ́ kún dé ọrùn, ó dé e pa. Ní ti fìríìjì, iná ọba ti lọ láti ọjọ́ Ajé, kò sì dé títí di ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin nínú ooru Ọ̀fà ní oṣù kejì!

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé ohun alààyè ni íìsì, bí ó tilẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i. Ṣúgà ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ó ti ń jẹ ṣúgà ni ó ń yọ nǹkan méjì jáde, afẹ́fẹ́ àti ọtí. Afẹ́fẹ́ yẹn ni ó ń mú búrẹ́dì wú. Púpọ̀ nínú ọtí ibẹ̀ a sì bá iná ààrò lọ. Nínú ìgò tí a dé pa, kò sí ibi tí èyíkéyìí nínú méjèèjì yóò gbà jáde. Ní ọjọ́ kìíní, ọtí náà kéré púpọ̀. Bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, tí ibẹ̀ sì móoru, ọtí ń pọ̀ sí i, afẹ́fẹ́ sì ń ti ìgò láti inú, títí yóò fi bẹ́. Òtútù fìríìjì ni ó ń mú kí íìsì tòògbé. Amẹ́ríkà tí ó ní iná lọ́sàn-án lóru ni wọ́n ro nígbà tí wọ́n kọ ìlànà yẹn sílẹ̀. Wọn kò ro Ọ̀fà.

Mo pe ìrun Àsùbáà ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà bí mo ti máa ń pè é, ṣùgbọ́n ohùn mi kò já gaara. Bí a ti sálámà tán, bàbá kan tó máa ń wà ní sáfù àkọ́kọ́ yíjú sí mi níṣojú gbogbo jàmáà. Ó ní, "Ládàánì, wọ́n ní ìyàwó yín kígbe lóru pé ọtí òun ni. Ọtí wo?"

Ilẹ̀ kò lanu kí n wọlé. Lèmọ́mù wò mí, ó ní kí n lọ gbé ọ̀kan wá nínú àwọn tí kò fọ́. Mo fi aṣọ wé e bí ẹni gbé ejò, mo gbé e wá sí ìta mọ́sálásí. Bí a ti ṣí i, ifófó rẹ̀ ta sókè, ó ta sí aṣọ bàbá tó béèrè ọ̀rọ̀ yẹn. Ọlọ́hun ni ẹlẹ́rìí mi, n kò mọ̀ọ́mọ̀ dojú ìgò kọ ọ́.

Lèmọ́mù gbóòórùn rẹ̀. Ó béèrè ohun tí a fi ṣe é, mo sọ fún un. Ó béèrè ọjọ́ tó ti lò, mo ní mẹ́rin. Ó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá sọ fún jàmáà pé a máa ń rẹ èso àjàrà gbígbẹ sínú omi fún Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, òun a máa mu ún ní ọjọ́ náà, ní ọjọ́ kejì, títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta. Bí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìyẹn, kò ní mu ún mọ́. Ó ní, "Ẹ wo ẹmu. Nígbà tó ń kán bọ́ láti orí ọ̀pẹ, ó dùn bí oyin. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ wo ìrìn ẹni tó mu ún. Ládàánì kò ra ọtí, kò sì gbèrò ọtí. Ọjọ́ ni ó ṣì í kà." Mo ní bí jàmáà bá fẹ́, kí ẹlòmíràn máa pe ìrun fún ìgbà díẹ̀. Lèmọ́mù ní, "Àìlà kò ní pẹ́ kù. Ẹ lọ sinmi."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí fún èmi. Kò parí síbẹ̀ fún ìyàwó mi. Omi ìsápá pupa tí gbogbo ayé ń pè ní sóbò ni ó ń tà níwájú ilé ẹ̀kọ́ kan. Kí ìgò tó bú, ó máa ń tà tó ọgbọ̀n ike lóòjọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mẹ́fà ni ó tà ní ọjọ́ kan, mẹ́rin ní ọjọ́ kejì. Àwọn ìyá ọmọ ń sọ fún ọmọ wọn pé kí wọ́n má mu omi pupa ìyàwó Ládàánì mọ́. Owó sóbò yẹn ni a fi ń san owó ilé kéú àwọn ọmọ. Mo bá a tó ń sunkún nínú ilé ìdáná, èmi tí mo ti fẹ́ bá a wí, mo jókòó tì í.

Nítorí náà ni mo ṣe ní kí ọmọ mi bá mi wádìí ọ̀rọ̀ yìí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí n lè mọ̀ bóyá àwa nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ̀yin ènìyàn mi, kì í ṣe àwa nìkan!

Ọkùnrin apòògùn kan wà ní Philadelphia tó ń jẹ́ Charles Hires. Ní 1876, nígbà tí Amẹ́ríkà ń ṣe àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún òmìnira wọn, ó gbé ohun mímu kan jáde tí wọ́n fi egbò igi, èèpo àti ewé ṣe. Bí mo ti ka ìyẹn, mo ní àgbo kọ́ nìyí? Àgbo ni, àfi pé wọ́n fi ṣúgà sí i. Ìdì ìyẹ̀fun rẹ̀ ni ó ń tà fún àwọn ìyàwó ilé, sẹ́ǹtì 25, tí wọn yóò fi omi, ṣúgà àti íìsì pò di gálọ́ọ̀nù márùn-ún nínú ilé ìdáná tiwọn. Òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn ọtí. Ó fẹ́ kí àwọn ènìyàn fi ohun mímu yìí rọ́pò ọtí. Wọ́n ní tíì ni ó fẹ́ pè é, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àwọn awakùsà kò ní mu tíì, kí ó pè é ní bíà. Orúkọ yẹn ni ó kó o sí wàhálà. Ní 1895, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Kírísítẹ́nì tí ń gbógun ti ọtí ní Amẹ́ríkà dìde sí i, wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí íìsì wà nínú rẹ̀, ọtí ni. Ó tó ọdún mẹ́ta kí ọ̀rọ̀ náà tó rọlẹ̀, nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé ọtí inú ìgò rẹ̀ kan kò ju èyí tó wà nínú ààbọ̀ búrẹ́dì lọ. Mo ka èyí sétí ìyàwó mi. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ọdún mẹ́ta? Tiwa tilẹ̀ sàn."

Ti Coca-Cola náà fara jọ ọ́. John Pemberton, apòògùn ní Atlanta, ti ń ta ohun mímu kan tó ní wáìnì nínú. Nígbà tí ìlú rẹ̀ ṣòfin pé kí wọ́n má ta ọtí mọ́, ó yọ wáìnì kúrò, ó fi omi ṣúgà rọ́pò rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní oṣù karùn-ún ọdún 1886, sẹ́ǹtì 5 fún ife kan. Orúkọ rẹ̀ pín sí méjì, koka tí í ṣe ewé igi kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà, àti kola tí í ṣe obì tiwa. Obì gbànja tí àwọn bàbá wa ń dì sínú apẹ̀rẹ̀, tí ọkọ̀ ojú irin ń gbé gba Ọ̀fà kọjá lọ sí ilẹ̀ Haúsá, irú rẹ̀ ni ó fún un lórúkọ. Ní 1953 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́ sígò ní Èkó. 7-Up tẹ̀lé e ní 1960, ọdún òmìnira.

Mo ní kí a fi obì dán an wò. A rin obì gbànja méjì, a sè é pẹ̀lú kànáfùrù, a fi ṣúgà tí a yan nínú ìkòkò títí ó fi dúdú kun ún, a fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Àwọ̀ rẹ̀ jọ ti inú ìgò gan-an. Ṣùgbọ́n ó korò, n kò sì fi ojú kan oorun. Aago mẹ́ta òru ni mo ti wẹ̀, tí mo ti ṣe àlùwàlá, tí mo jókòó tí mo ń wo aago bí ẹni ń dúró de mọ́tò. Ẹ fi ti obì sílẹ̀.

Èyí tí a ń ṣe nísinsìnyí nìyí, ẹ̀yin ìyá wa, kò sí íìsì nínú rẹ̀. Ẹ wá atalẹ̀ tútù tó ìlàjì kìlò, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ má bó o, ẹ gún un tàbí kí ẹ lọ̀ ọ́. Ẹ gbé omi lítà mẹ́rin kaná. Bí ó bá hó, ẹ da atalẹ̀ náà sí i pẹ̀lú kànáfùrù bíi mẹ́wàá, kí ó sè fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ sọ̀ ọ́, ẹ dé e, kí ó tutù fúnra rẹ̀. Ẹ fi aṣọ funfun mímọ́ sẹ́ ẹ. Ìgbà tó bá tutù tán ni kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́fà sí i, nítorí bí ọsàn bá bá iná pàdé, adùn rẹ̀ a yí padà. Ní ti ṣúgà, gíráàmù 300 ni ìyàwó mi ń lò, kò sì gbà kí n fi kún un. Agolo Coca-Cola kan ti Amẹ́ríkà, mìlílítà 355, gíráàmù 39 ni ṣúgà inú rẹ̀. Tiwa kò tó 27 nínú irú agolo bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò tún gbọdọ̀ tìtorí èyí mu ún lámuyó. Ní 2022 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gba náírà 10 owó orí lórí lítà mínírà kọ̀ọ̀kan nítorí ọ̀rọ̀ ṣúgà yìí.

Ẹ óò ní, kí ló dé tí kò hó? Bí ẹ bá fẹ́ kí ó hó, ẹ ṣe é kí ó ki, kí ẹ lo ìlàjì omi, kí ẹ wá ra omi sódà tútù lọ́jà, kí ẹ fi là á nínú ife lójú àlejò. Pásítọ̀ ará Ìlú Ọba kan, Joseph Priestley, ni ó rí i ní 1767 bí a ti í fi afẹ́fẹ́ sínú omi, ẹ̀gbẹ́ ilé tí wọ́n ti ń pọn bíà ni ó sì ń gbé nígbà náà. Afẹ́fẹ́ orí àgbá bíà ni ó mú, ó fi bíà sílẹ̀ níbẹ̀. Bí kò bá sí fìríìjì, ọjọ́ tí ẹ bá sè é ni kí ẹ mu ún tán. Bí ó bá ti ń ru fúnra rẹ̀, ẹ dà á nù. Sóbò náà bẹ́ẹ̀, kúnú náà bẹ́ẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí mo dárúkọ kúnú, ará Ọ̀fà ni mí, n kò lè kọjá láì sọ̀rọ̀ ànàmọ́. Bí ìyàwó mi bá lọ jéró tó ti rẹ mọ́jú, yóò da omi gbígbóná sí apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, yóò rò ó bí ẹ̀kọ. Bí ó bá lọ́ wọ́ọ́wọ́, yóò da apá kékeré tó kù sí i ní tútù, pẹ̀lú ànàmọ́ tútù tí ó lọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kúnú náà a ti dùn, a sì ti ṣàn, láìsí ṣúgà púpọ̀. Ohun kan wà nínú ànàmọ́ tútù tó ń sọ kúnú lílẹ̀ di adùn. Ẹ sì mọ̀ pé Amẹ́ríkà ni ànàmọ́ fúnra rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá kí ó tó di ọmọ Ọ̀fà.

Ọjọ́ wólímọ̀ dé. Ọmọ wa ka tirẹ̀, kò ṣì í. A sè atalẹ̀ lítà ọgọ́ta láti ìdájí, a ra yìnyín, a sè sóbò, a ṣe kúnú, a sì ra krétì mínírà mẹ́ta péré fún àwọn tí kò lè ṣe kí wọ́n má rí ìgò. Lèmọ́mù mu ife mẹ́ta níṣojú gbogbo ènìyàn. Mo mọ̀ pé òùngbẹ kọ́ ni ó ń gbẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ kejì ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà sọ́dọ̀ ìyàwó mi.

Bàbá sáfù àkọ́kọ́ wá, ó ṣe àdúà fún ọmọ, ó jẹ ìrẹsì. Nígbà tí wọ́n gbé omi atalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní omi inú ọ̀rá ni òun fẹ́. Kò tíì fẹnu kan nǹkan mímu ilé wa títí di òní. Ṣùgbọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Àlájà rẹ̀ ń gba ẹ̀yìnkùlé wá, tí ìyàwó mi ń bá a di ike méjì sínú ọ̀rá dúdú. Ó ní bí bàbá bá mu ún tán, a máa béèrè ṣọ́ọ̀bù tí òun ti ń rà á.